Anton Wilhelm Amo: Olùkọ́ yunifásítì tí arákùnrin rẹ̀ wà lóko ẹrú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Lọ́dún 1734, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan gbé ìwé ìwádìí kan kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wittenberg, ní ilẹ̀ Jámánì. Èdè Látìnì, tí í ṣe èdè àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà, ló fi kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó kọ ọ́ pé òun ni Antonius Guilielmus Amo, ó sì fi kún un pé ọmọ Áfíríkà láti Guinea ni òun.

Àwọn Òyìnbó tó tọ́ ọ dàgbà ló sọ ọ́ ní Anton àti Wilhelm. Amo ni orúkọ tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, ní Axim, ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ kò gbàgbé orúkọ náà, kò sì fi pamọ́ nígbà tó di ẹni ńlá.

Ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún tí Amo gbé ayé ni òwò ẹrú gbóná jù lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 6 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún náà nìkan. Ní àkókò kan náà ni ọmọ Áfíríkà yìí ń kọ́ àwọn ọmọ Òyìnbó ní ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò, èyí tí a tún ń pè ní fìlọ́sọ́fì, ní yunifásítì Halle àti ti Jena. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò pé bí a kò bá sọ ti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbí rẹ̀ àti ìlú rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1703 ni wọ́n bí Amo ní agbègbè Axim, láàrin àwọn ẹ̀yà Nzema. Títí di òní ni àwọn èèyàn ṣì ń jẹ́ Amo ní apá ibẹ̀.

Axim kì í ṣe ìlú tí ojú rẹ̀ fọ́ sí ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Lọ́dún 1515 ni àwọn ará Pọtogí kọ́ odi agbára St Anthony síbẹ̀, nítorí wúrà tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Lọ́dún 1642 ni àwọn ará Holland gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi bí Amo, ilé iṣẹ́ òwò àwọn ará Holland tí wọ́n ń pè ní Dutch West India Company ló wà nínú odi náà. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà, àmọ́ nígbà tó yá, ènìyàn náà di ọjà tí wọ́n ń rà.

Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló gbé Amo kọjá òkun. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tó dé Amsterdam, ní nǹkan bí ọdún 1707.

Àwọn tó ń gbé ní Coconut, láàrin Apapa àti Ajegunle, níbi tí ọkọ̀ àkẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté Tin Can Island, mọ̀ dáadáa pé gbogbo ẹrù tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ló ní ìwé tirẹ̀, tó ń sọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tí yóò gbà á. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ọmọdé yìí náà nìyẹn. Láti Amsterdam, wọ́n fi í ta Duke Anton Ulrich lọ́rẹ, ìyẹn alákòóso ilẹ̀ Brunswick-Wolfenbüttel ní Jámánì.

Nínú ààfin Òyìnbó

Àṣà àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yúróòpù ni láti ní ọmọ aláwọ̀ dúdú láàfin nígbà náà. Wọn á wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọn á sì mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjòkòó wọn kí àlejò lè rí i pé ọlá wọn dé òkè òkun. Bó ti wù kí aṣọ náà dára tó, ọmọ náà kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ sílé.

Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1708, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Amo nínú ilé ìsìn ààfin Salzdahlum. Orúkọ Duke Anton Ulrich àti ti ọmọ rẹ̀, August Wilhelm, ni wọ́n yọ orúkọ tuntun rẹ̀ nínú. Bí ó ṣe di Anton Wilhelm nìyẹn.

Ibi tó bọ́ sí yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ààfin mìíràn ní ọ̀nà kan. Wolfenbüttel ní ilé ìkówèésí kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù, Gottfried Wilhelm Leibniz, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ga jù lọ nígbà náà, ló sì ń bójú tó o láti ọdún 1691 títí tó fi kú lọ́dún 1716. Ìdílé Duke náà gbà kí Amo kàwé, ọmọ náà sì fi hàn pé orí òun pé. Anton Ulrich kú lọ́dún 1714, ṣùgbọ́n August Wilhelm tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò jọ̀wọ́ Amo.

Ó wọ yunifásítì

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹfà, ọdún 1727, Amo forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Halle láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọdún 1694 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, àríyànjiyàn lórí ẹ̀sìn àti ìmọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1729, Amo dìde láti jiyàn ní gbangba lábẹ́ ìdarí Johann Peter von Ludewig, tí í ṣe ọ̀gá nínú ìmọ̀ òfin ní Halle. Ohun tó yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìwé ìròyìn Halle ti oṣù kọkànlá ọdún náà ròyìn rẹ̀ ní ṣókí. Amo lo ìtàn àti òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ó ní àwọn ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan ti fìgbà kan rí wà lábẹ́ olú ọba Róòmù, tí ó sì fún wọn ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ wọn. Ó wá béèrè bóyá òfin fara mọ́ ọn kí àwọn Kristẹni máa fi àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n rà ṣe ẹrú.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán lẹ́nu ẹni tó bi í. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá náà lè máa fi ọ̀rọ̀ ẹrú ṣe ìdánrawò ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ni Amo ń sọ.

Ọmọ etíkun yìí kan náà mìíràn, Jacobus Capitein, kàwé ní Yunifásítì Leiden ní Holland. Lọ́dún 1742, ó gbé ìwé tirẹ̀ jáde, níbi tó ti sọ pé oko ẹrú kò tako ẹ̀sìn Kristẹni. Àwọn ará Holland tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un tẹ̀. Ti Amo kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀. Ìròyìn inú ìwé ìròyìn náà ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ìwé tó kọ lórí ara àti ẹ̀mí

Lọ́dún 1730, Amo lọ sí Yunifásítì Wittenberg. Oṣù kẹsàn-án ló forúkọ sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, wọ́n ti fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò dá a lọ́lá. Ó tún kọ́ nípa ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀. Lọ́dún 1733, nígbà tí alákòóso tuntun fún ilẹ̀ Saxony ṣèbẹ̀wò sí ìlú náà, Amo ni wọ́n yàn láti ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò lọ pàdé rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé ìwé ìwádìí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ohun tó dá lé lórí ni bóyá ẹ̀mí ènìyàn máa ń nímọ̀lára. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, kí ló ń mọ ìrora náà? Onímọ̀ ará Faransé nì, René Descartes, ti sọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú pé ẹ̀mí ló ń mọ̀ ọ́n. Amo kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀mí máa ń ronú, ó sì máa ń pinnu, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò lè ṣe é ní nǹkan, nítorí náà kò lè jẹ́ òun ni ìrora ń bá. Ara tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ ló ń mọ ìrora. Ó wá fẹ̀sùn kan Descartes pé ohun tó sọ níbì kan tako ohun tó sọ níbòmíràn.

Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán títí di òní láàrin àwọn onímọ̀. Nígbà tí Kwame Nkrumah kọ ìwé rẹ̀ tó pè ní Consciencism, tó jáde lọ́dún 1964, ó mẹ́nu ba èrò Amo lórí ara àti ẹ̀mí.

Iṣẹ́ olùkọ́

Lọ́dún 1736, Amo padà sí Halle gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìjọba yàn sípò. Ó wà lára àwọn olùkọ́ tí yunifásítì fún láṣẹ láti máa kọ́ni, tó jẹ́ pé owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá san láti gbọ́ ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Lọ́dún 1738, ó tẹ ìwé rẹ̀ tó gùn jù lọ jáde ní Halle, èyí tó fi ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè ronú láìgba ẹ̀tàn àti láìṣe àṣejù. Lọ́dún 1739, ó kó lọ sí Jena, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ yunifásítì ṣe rí nígbà náà kí a tó lè mọ ohun tí Amo kò ní. Ní Yunifásítì Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, Alexander Monro di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara lọ́dún 1720. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Alexander, gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Alexander kẹta, tún gbà á, kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún 1846. Bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo fún ọdún 126. Bí àwọn Yorùbá ṣe ń sọ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí ìlù lílù, iṣẹ́ ìdílé ni.

Amo kò ní bàbá tó lè fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Halle. Àwọn ọlọ́lá tó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ni ìdílé tó ní, ikú sì ń mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. August Wilhelm kú lọ́dún 1731. Àbúrò rẹ̀, Ludwig Rudolf, tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, kú lọ́dún 1735. Ludewig, ọ̀gá rẹ̀ ní Halle, kú lọ́dún 1743.

Ẹ̀sín

Lọ́dún 1747, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johann Ernst Philippi tẹ àwọn ewì ẹ̀sín jáde. Ó fi Amo ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wọn pé ó dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin Òyìnbó kan, obìnrin náà sì kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ka Descartes tàbí Leibniz kó wá sọ pé Amo kò mọ̀wé. Ohun tí Philippi bá jà kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ní aya àti ilé láàrin wọn.

Ní àkókò yìí kan náà ni Amo wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Axim. Ó ti lo nǹkan bí 40 ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Àwọn ará ilé rẹ̀

Oníṣègùn inú ọkọ̀ kan, David Henri Gallandat, tó ń bá àwọn ará Holland ṣiṣẹ́, ló kọ ohun tó mọ̀ nípa ìgbẹ̀yìn ayé Amo sílẹ̀. Ó bá a ní Axim lọ́dún 1753. Ó ní Amo ti tó ẹni nǹkan bí 50 ọdún, ó ń dá gbé, àwọn ará ìlú sì gbà pé ó lè sọ ohun tí ń bọ̀. Ó gbọ́ èdè Hébérù, Gíríìkì, Látìnì, Faransé, Jámánì àti ti Holland, ó sì mọ̀ nípa ìràwọ̀.

Gallandat tún kọ nǹkan mìíràn. Bàbá Amo ṣì wà láàyè. Arábìnrin rẹ̀ kan náà ṣì wà láàyè. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí Axim ni ibi tí àwọn méjèèjì ń gbé. Ó ní arákùnrin kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n arákùnrin yìí wà lóko ẹrú ní Suriname, ilẹ̀ tí àwọn ará Holland ń ṣàkóso ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Ìdílé kan ló bí àwọn ọmọ wọ̀nyí, òkun kan náà sì ni àwọn ọkùnrin méjèèjì gbà kọjá. Ọ̀kan dé ààfin, ó wọ aṣọ àrán, ó kàwé, ó sì di olùkọ́ yunifásítì. Ìkejì dé ilẹ̀ tí ìrèké àti kọfí ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹni tó dìde ní Halle lọ́dún 1729 láti béèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n fi ọmọ Áfíríkà ṣe ẹrú kò rí ìdáhùn tó lè tú arákùnrin tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn Yorùbá náà mọ irú ìtàn yìí. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Crowther rí ìyá rẹ̀ mú sọ́dọ̀. Amo bá bàbá àti arábìnrin rẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹnì kan ṣófo nínú ilé náà.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní Scotland

Ọdún 1753 yẹn gan-an, tí Gallandat bá Amo ní Axim, ni David Hume, onímọ̀ ará Scotland tí òkìkí rẹ̀ kàn, fi àkíyèsí kan kún ọ̀kan nínú àwọn àròkọ rẹ̀. Ó ní òun fura pé ẹ̀dá àwọn aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀ sí ti aláwọ̀ funfun, àti pé wọn kò ní iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀ kankan. Nígbà tó ń kọ èyí, ó ti tó ọdún 15 tí ìwé Amo ti jáde ní Halle.

Ará Scotland kan náà ló dá Hume lóhùn. James Beattie, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Marischal College, ní Aberdeen, lọ́dún 1760, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1770. Ó sọ níbẹ̀ pé Hume kò ní ẹ̀rí fún ohun tó sọ, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi ṣe ẹrú, tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ níwèé, kò ṣeé fi díwọ̀n ọgbọ́n ìran rẹ̀. Beattie náà jẹ ìyà tirẹ̀ nínú ìdílé. Ìyàwó rẹ̀ ní àrùn ọpọlọ. Ọmọ rẹ̀ àgbà, James Hay, tí wọ́n yàn lọ́dún 1787 láti ràn án lọ́wọ́ kó sì gbapò rẹ̀, kú lọ́dún 1790 lẹ́ni ọdún 22. Èkejì, Montagu, kú lọ́dún 1796. Ibojì àwọn ọmọ Beattie wà níbi tí bàbá wọn ti lè rí i. Bàbá Amo kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Suriname.

Ìrántí rẹ̀

Lẹ́yìn Axim, Amo lọ gbé nínú odi agbára San Sebastian tí àwọn ará Holland ní ní Shama, ní etíkun kan náà. Ìlú yẹn ni ibojì rẹ̀ wà.

Àwọn tó gbógun ti òwò ẹrú kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parun. Àlùfáà ará Faransé nì, Henri Grégoire, kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1808 láti fi ẹ̀rí hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọgbọ́n bí ti gbogbo ènìyàn. Lọ́dún 1965, wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ ní Halle, èyí tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Láti ọdún 1994 ni yunifásítì ìlú náà sì ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe dáadáa ní ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní Berlin, olú ìlú Jámánì, òpópónà kan wà tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òpópónà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀rọ̀ àbùkù. Lọ́dún 2020, ìjọba agbègbè náà pinnu láti yí i padà sí Anton-Wilhelm-Amo-Straße. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2025 kí orúkọ tuntun náà tó dúró.

Bí Amo ṣe padà ní orúkọ nínú ìlú ńlá àwọn Òyìnbó nìyẹn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un ní Axim sì wà láàrin rẹ̀. Ní ti arákùnrin rẹ̀ tó wà ní Suriname, Gallandat kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.